"Àrùn abárakú": mi ò fara mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé ká máa pe ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní "àrùn abárakú" nínú ìwé ìléwọ́ ìlera rò ó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, gbogbo èèyàn ló sì máa yé. Ibẹ̀ gan-an ló ti kọ mí lóminú. Ohun tó bá ti di bárakú síni lára, a ti gbà pé ó di tẹni nìyẹn: sìgá, tẹ́tẹ́, ọtí. Bí a bá wá sọ fún ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ pé abárakú ni, kí la tún ní kó dènà?

Lọ́dún 1997, olùṣèwádìí ìlera kan, Richard Cooper, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, bí àgbàlagbà 16 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru; ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26; ní Maywood lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà o! Iyọ̀ àti ìsanra wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ṣé èyí wá jọ ohun tí wọ́n dá mọ́ni?

"Àrùn tí kì í ràn" tí ẹlòmíràn mú wá náà ń jò. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ wà nínú agbo yìí, kòkòrò tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀ ló sì sábà máa ń fà á.

"Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́" ni mo fara mọ́. Kò lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣèlérí ìwòsàn, kì í sì í gbẹ́ sàréè de ẹnikẹ́ni.

"Ríru" gan-an ló yẹ ká jà lé lórí. Ìkòkò tó ń ru, ojú ń rí i. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) á kọ 180/110, tó ga gan-an, ẹni tí wọ́n wọ̀n á ní, "Nọ́ọ̀sì, orí ò fọ́ mi, àyà ò já mi, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru lónìí." Oògùn á wá di ohun tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ tí orí bá fọ́. Àwọn ará ọjà tó ń sọ pé "BP mi ga" sún mọ́ òótọ́ jù wá lọ, torí ohun tó bá ga, wíwọ̀n la fi ń mọ̀. Mi ò ní ká pa "ẹ̀jẹ̀ ríru" tì, ó ti wọlé sára. Kí "ga" ṣáà máa tẹ̀lé e nínú ìwé náà.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju "ọlọ́jọ́ pípẹ́" lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò kàwé.