Ọmọ ọdún 9 tó ní ṣúgà, ṣé lóòótọ́ ni ká ti máa ṣọ́ ọkàn ẹ̀?

ìyá_àwẹ̀ró (Òkè-Fìà)
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ní ṣúgà, èyí tó máa ń mú ọmọdé yẹn, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ń gbà lójoojúmọ́, ó sì ti ń mọ́ wa lára. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí dókítà yẹ bípì ẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò, ó ní kò ga, àmọ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, pé a ṣì máa yẹ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wò. Mo délé, mo sọ fún bàbá ẹ̀, ẹ̀rín ló bú sí, ó ní ta ló gbọ́ bípì lára ọmọdé rí. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Kí ló pa ṣúgà àti ọkàn pọ̀? Kí ni mo sì lè ṣe nílé, torí owó abẹ́rẹ́ nìkan ti fẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn.

nọ́ọ̀sì_ọ̀ṣun
Ìyá Àwẹ̀ró, dókítà yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Tí ṣúgà bá ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá á wá máa lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní dun ọmọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura títí á fi dàgbà. American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn l'Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2006, wọ́n tún un ṣe ní 2019, ṣúgà tiyín yìí àti kídìnrín tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kà sí ewu tó ga jù. Ohun tó ṣe kókó jù ni kí ṣúgà yẹn máa wà níbi tó yẹ, ẹ má fi àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣeré. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ó dáa kí ṣúgà kọ́kọ́ rọlẹ̀ ká tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ṣúgà tó ga lè gbé e sókè. Bípì sì rèé, báńdì ọmọdé ni kí wọ́n wé mọ́ ọn lápá o! Tó bá jẹ́ ti àgbà, ó ti tóbi jù, nọ́ńbà tó máa gbé wá á kéré sí bó ṣe rí gan-an, ẹ ó sì máa rò pé kò séwu. Ẹ bi wọ́n, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

màmá_sódíìkì
Kídìnrín ló ń ṣe ọmọ tèmi, ojú ẹ̀ á wú láàárọ̀, ìtọ̀ ẹ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ. Oògùn tí wọ́n fún un ń jẹ́ kébi máa pa á ṣáá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, ó sanra, bípì ẹ̀ sì gòkè, àṣé oògùn yẹn náà máa ń fà á, síbẹ̀ dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín. Iyọ̀ la dín kù. Ìkòkò ọbẹ̀ tí mò ń ju mágì mẹ́rin sí tẹ́lẹ̀, irú, aáyù àti ẹfinrin ló kù ńbẹ̀ báyìí. Ẹ tún ṣọ́ irú yẹn o, àwọn kan lọ́jà Ìgbọ̀nà máa ń da iyọ̀ sí i kó má baà tètè bàjẹ́, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ẹ tó sanwó. Núdù ńkọ́? Mágì kékeré inú ẹ̀ yẹn, iyọ̀ ló pọ̀ jù ńbẹ̀.

ẹ̀gbọ́n_àyétòrò
Ẹ wá agbo ewúro fún un, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kára ọmọ sinmi.

nọ́ọ̀sì_ọ̀ṣun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Irú ṣúgà yìí, ara ò ṣe ínsúlínì mọ́, tẹ́ẹ bá dá a dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọmọ lè dákú. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ rárá.

dáṣọ_2
Tiwa tó jẹ́ SS, tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ńkọ́? Tíṣà ò jẹ́ kó bá wọn ṣeré mọ́, ó ní kó má lọ ṣubú lulẹ̀.

nọ́ọ̀sì_ọ̀ṣun
Ẹ̀jẹ̀ tí ò tó máa ń mú kí ọkàn ṣe wàhálà ju agbára ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọkàn ẹ̀. Bípì àwọn SS sì sábà máa ń kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní dáadáa fún ọmọ míì lè ti ga fún tiẹ̀. Eré ṣe pàtàkì, kó máa mumi, kó sinmi tó bá rẹ̀ ẹ́, kó má máa ṣeré nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún tíṣà. Ìyá Àwẹ̀ró, tiyín náà gbọ́dọ̀ máa sáré, wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n fẹ́ fọ́mọdé, ẹ ṣáà máa yẹ ṣúgà ẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kí nǹkan dídùn sì wà nínú báàgì ẹ̀ tí ṣúgà bá lọ rọlẹ̀ jù. Ẹ dákun, ta ló ń mu sìgá nínú ilé?

ìyá_àwẹ̀ró (Òkè-Fìà)
Hmm. Bàbá ẹ̀ ni. Nínú pálọ̀ ni o, níwájú tẹlifíṣọ̀n.

màmá_sódíìkì
Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, àbí? Ẹ ní kó jáde síta, tó bá máa jáwọ́ ló tún dáa jù.

ìyá_àwẹ̀ró (Òkè-Fìà)
Màá fi ọ̀rọ̀ yín hàn án lálẹ́ yìí, torí ó ní èmi nìkan ni mò ń yọ ara mi lẹ́nu. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ bípì sílé ni?

nọ́ọ̀sì_ọ̀ṣun
Rárá, àfi tí dókítà bá ní kẹ́ẹ rà á. Ẹ fowó yẹn ra ìwé pẹlẹbẹ tẹ́ẹ máa ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti yẹ ṣúgà wò.