Ojú òpó ọ̀fẹ́ wo ni kí n máa kọ ìwé ìrántí mi sí?

Ìyá Ìtòkú

Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Aláró ni ìyá tí ó bí mi lọ́mọ ní Ìtòkú, ọ̀pọ̀ ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti fi bírò kọ sínú ìwé: bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, irú ìyẹ́ adìyẹ tí ó máa ń fa ìlà tín-ín-rín lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ọnà kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè rí i kà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo máa ń kọ ìwé ìrántí ti ara mi, èyí tí kò kan ará ìta, àmọ́ tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi tí wọ́n wà ní London àti Houston máa kà nígbà tí ààyè bá gbà wọ́n.

Fóònù Android ni mò ń lò, n kò ní kọ̀ǹpútà, owó ìfẹ̀yìntì kò sì gbé e kí n máa sanwó olóṣooṣù fún ojú òpó. Ẹnìkan ní kí n lo Blogger, ẹlòmíràn ní WordPress ni, ọmọ àbúrò mi sì ní Substack ni ayé ń lọ báyìí. Ohun tí mo ń wá ni ibi tí Yorùbá mi yóò ti hàn pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, tí n óò ti lè yan ẹni tí yóò ka èyí àti ẹni tí yóò ka tọ̀hún, tí kò sì ní jẹ́ pé lọ́jọ́ kan n óò jí láàárọ̀ kí n bá a pé gbogbo rẹ̀ ti parẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kí ó là mí lọ́yẹ.

Akọ̀wé Àgbàlá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ohun tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í rántí bèèrè àfìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ilé àyágbé ni gbogbo ojú òpó ọ̀fẹ́. Onílé lè tà á, ó sì lè wó o nígbà tí ó bá wù ú. Yahoo ra GeoCities ní 1999, nígbà tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni àìmọye ènìyàn ń kọ nǹkan sí, ó sì tì í pa ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 2009. Twitter ra ilé-iṣẹ́ Posterous ní 2012. Nígbà tí oṣù Kẹrin 2013 fi máa parí, kò sí Posterous mọ́. Ẹ má sì rò pé owó sísan ni ààbò, nítorí Typepad, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sanwó fún láti 2003, kógbá sílé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2025, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ láti fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ohun tí èmi máa ń wò ṣáájú ẹwà ojú òpó ni bí ènìyàn ṣe lè kó ẹrù rẹ̀ jáde níbẹ̀. Blogger àti WordPress.com yege nínú èyí: àwọn méjèèjì ló fàyè gbà yín láti kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní XML, tí ẹ lè gbà sórí fóònù, tí ojú òpó mìíràn sì lè kà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ni fáìlì yẹn ń kó, kì í kó àwòrán. Àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí àwòrán wà nìkan ni ó máa ń kọ sílẹ̀, bí ojú òpó náà bá sì ti kú, àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ti di òfo nìyẹn. Fún ẹni tí ó fẹ́ kọ nípa àdìrẹ, tí ó jẹ́ pé ojú ni a fi ń mọ ọnà, ìdajì iṣẹ́ ni ó máa bá a lọ. Ẹ máa tọ́jú ojúlówó fọ́tò yín síbòmíràn, ì báà jẹ́ sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Kí ẹ tó tẹ ohun púpọ̀ pàápàá, ẹ gbìyànjú àtikó èyí tí ẹ ti tẹ̀ jáde, kí ẹ sì ṣí fáìlì náà wò bóyá ọ̀rọ̀ yín pé síbẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ lo Blogger. Ó ti wà láti 1999, Google rà á ní 2003, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kì í sì í fi ìpolówó sí ojú ewé yín àyàfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní kí ó fi síbẹ̀. Láti 2020 tí wọ́n ti tún ojú rẹ̀ ṣe ni ó ti rọrùn láti lò lórí fóònù nínú Chrome.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo fara mọ́ ohun tí Akọ̀wé sọ nípa kíkó ẹrù jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi kádìí rẹ̀ ni kò bá tèmi mu. Google kì í ṣàánú iṣẹ́ tí kò bá wù ú mọ́. Ó ti Google Reader, tí àwọn ènìyàn fi ń ka búlọ́ọ̀gù, pa ní 2013, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ń lò ó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ó ti Google+ náà pa ní 2019. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé ó fẹ́ ti Blogger pa, àmọ́ ó ti pẹ́ tí a ti rí ohun tuntun gidi kan níbẹ̀.

Ibi tí WordPress fi yàtọ̀ ni pé sọ́fítíwià rẹ̀, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2003, kì í ṣe ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí WordPress.com bá kógbá sílé lọ́la, àìmọye ibòmíràn ni ẹ lè gbé fáìlì yín lọ, níbi tí wọ́n ti ń lo sọ́fítíwià kan náà. Ẹ má ṣì wọ́n mú fún ara wọn o: WordPress.com ni ó ń gbà yín sílé lọ́fẹ̀ẹ́, WordPress.org ni a ti ń gba sọ́fítíwià náà, ẹni tí ó bá sì gbà á ní láti wá ààyè háyà fúnra rẹ̀.

N kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ààyè tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 GB, bí fọ́tò fóònù yín bá sì tó 4 MB lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bí 250 ti kún un nìyẹn, nítorí náà ẹ ní láti máa dín wọn kù kí ẹ tó gbé wọn sókè. Wọ́n máa ń fi ìpolówó tiwọn sí ojú ewé yín, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì wá fẹ́ kí ojú òpó yín ní orúkọ tí ẹ fi owó yín rà, wọn kò ní so ó mọ́ ọn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Blogger kì í gbowó fún ìyẹn.

Akọ̀wé Àgbàlá

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí Òkè-Àdó mú wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Orí Blogger ni Linda Ikeji ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006 tí ó fi di ìlú mọ̀ọ́ká, àmọ́ ní oṣù Kẹwàá 2014, nígbà tí awuyewuye ẹ̀tọ́ oníǹkan ń lọ lọ́wọ́, Google gbé búlọ́ọ̀gù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ó tó dá a padà. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tirẹ̀, tí ó sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, lè darí orúkọ náà síbòmíràn láìjẹ́ pé àwọn òǹkàwé rẹ̀ ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni a ń sanwó orúkọ, Màmá sì ti sọ pé àwọn kò fẹ́ ìnáwó, nítorí náà kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àbíkẹ́ Manchester

Ẹ ǹlẹ́ o, Mà. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò sọ ibi tí ẹ máa lò.

Lórí Blogger, búlọ́ọ̀gù lódindi ni ẹ lè fi pamọ́, kì í ṣe àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó kọ ímeèlì àwọn tí ẹ fún láyè, àwọn náà ó sì fi àkáǹtì Google wọn wọlé. Nítorí náà, méjì ni ẹ máa ṣí lábẹ́ àkáǹtì kan náà, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ aró, èkejì fún ẹbí. WordPress.com ní tirẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti àkọsílẹ̀ kan péré, àwọn ọmọ yín kò sì nílò àkáǹtì kankan kí wọ́n tó kà á. Àmọ́ àkọlé rẹ̀ á ṣì máa hàn sí ará ìta, ẹ má sì lọ fi orúkọ ẹni tí ń ṣàìsàn nínú ẹbí ṣe àkọlé.

Ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí jù lọ ni Dreamwidth, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 2009, tí wọ́n gbé ka orí kóòdù LiveJournal tí Brad Fitzpatrick dá sílẹ̀ ní 1999. Bí ẹ bá ti fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ kan jáde, ẹ ó yan bóyá gbogbo ayé ni yóò kà á, tàbí àwọn tí ẹ fún láyè, tàbí ẹ̀yin nìkan. Kì í gba ìpolówó rárá. Owó tí àwọn tí ó bá wù ń san ni ó fi ń gbé bùkátà rẹ̀. LiveJournal fúnra rẹ̀ ni n kò ní dárúkọ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń wá ìpamọ́: ilé-iṣẹ́ Rọ́ṣíà kan rà á ní 2007, ní ìparí 2016 ni wọ́n sì kó àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà, tí ó fi jẹ́ pé òfin ibẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ohun tí kò dára nípa Dreamwidth ni pé ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, àwọn ọmọ yín náà sì ní láti ṣí àkáǹtì síbẹ̀. Èmi tí mo wà lókè òkun mọ bí a ṣe máa ń sọ pé "ó di ọ̀la, Mọ́mì".

Ní ti Substack, ímeèlì ni ó fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé, ohun tí ó bá sì ti wọ inú ímeèlì ènìyàn, ẹ kò lè pè é padà láti tún un ṣe. Ẹni tí ó ń wá òǹkàwé tí yóò máa sanwó fún un ni ó bá mu, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni Substack sì máa ń mú. Kò yẹ fún ìwé aró Màmá.

Ẹ̀yin èwo lẹ bá yàn nínú gbogbo wọn, ẹ rántí pé ará ìta ni a ń fi nǹkan pamọ́ fún, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ni ojú òpó.

Olóòtú Ohùn

Ti àmì ohùn ló kù. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ ni fóònù ń mú, tí ó wá ń gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí tí lẹ́tà ń gbà hàn, tí kò bá mọ bí a ṣe ń gbé e lé e á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Nítorí náà, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ojú òpó, fọ́ǹtì tí ẹ bá yàn ni. Kí ẹ tó yan àwòṣe kankan fún ìrísí ojú ewé yín, ẹ tẹ "Ìyá mi kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀" síbẹ̀, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí ẹ wò ó lórí fóònù ẹlòmíràn. Àwọn fọ́ǹtì Noto Sans àti Noto Serif kì í dójú tini. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google tí ó wà lórí Android, ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, ẹ kàn lọ fi kún un ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fura sí, òun ni àdírẹ́ẹ̀sì tí ojú òpó máa ń ṣe jáde láti inú àkọlé. Lórí ibòmíràn, àwọn lẹ́tà wa a máa já bọ́ nínú rẹ̀. Lórí ibòmíràn, lẹ́tà ọ kan ṣoṣo á di %E1%BB%8D, tí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp á rò pé gbájúẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ láìsí àmì níbi tí wọ́n pè ní Permalink, bíi adire-eleko, kí ẹ tó tẹ ẹ́ jáde. Àkọlé gan-an, ẹ fi àmì rẹ̀ sí i pé pérépéré.

Ìyá Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún un kà. Blogger ni mo fara mọ́, búlọ́ọ̀gù méjì bí Àbíkẹ́ ṣe là á sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ mi ti ní àkáǹtì Google, n kò sì fẹ́ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ ṣí òmíràn. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Àgbà ti dé sí mi. Bí mo bá ṣàìsàn tí n kò lè fọwọ́ kan fóònù mọ́, tàbí tí Ọlọ́run bá pè mí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí mo kọ?

Akọ̀wé Àgbàlá

Ẹ̀mí yín á gùn, mà, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google ti ní àṣẹ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́, àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà ṣètò sílẹ̀, mo sì ní kí ẹ ṣe méjèèjì.

Nínú ètò àkáǹtì Google yín, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní Inactive Account Manager. Ẹ ó sọ iye oṣù tí wọn yóò dúró kí wọ́n tó gbà pé ẹ kò lò ó mọ́, láti oṣù mẹ́ta títí dé oṣù méjìdínlógún, ẹ ó sì kọ ímeèlì àwọn tí ẹ fọkàn tán, wọn kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Àwọn ni wọn yóò kàn sí, wọn yóò sì jẹ́ kí wọ́n gba ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n gbà. Èkejì wà nínú Settings búlọ́ọ̀gù kọ̀ọ̀kan: ẹ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó ṣeé gbọ́kàn lé pé kí ó wá jẹ́ òǹkọ̀wé níbẹ̀, nígbà tí ó bá sì ti gbà, ẹ yí ipò rẹ̀ sí Admin. Ẹ má dúró síbi òǹkọ̀wé lásán o, nítorí òǹkọ̀wé kò lè ṣe ju kí ó kọ tirẹ̀ lọ. Admin ló lè kó gbogbo rẹ̀ jáde.