Ilé ẹbí títà ní Ìjẹ̀bú látòkè òkun: ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé?

Àdùkẹ́, Dublin: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde la fẹ́ tà. Ọmọ márùn-ún ni wá, mẹ́ta wà lókè òkun. Bàbá ò ṣe ìwé ìhágún. Sàárè bàbá àgbà wà níwájú ilé. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Rẹ́mọ, Manchester: Àǹtí Àdùkẹ́, ta ló nilẹ̀? Bó bá jẹ́ bàbá yín ló fowó ara rẹ̀ rà á, tó sì kọ́lé sí i, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ lẹ ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bó bá jẹ́ ti bàbá àgbà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá yín wà níbẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ sùn níbẹ̀ rí. Sàárè tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ń mú mi fura.

Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ẹ̀ka ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ló ń tà á pọ̀. Bí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà náà ò múlẹ̀ rárá. Bó bá sì dá a tà láìfi tó àwọn aṣojú létí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí: owó ti tán, ìbátan kan ní Ìkòròdú wá lóun ò gbọ́ sí i.

Bí bàbá bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ìdí igi ni àṣà: iye ìyàwó tó bímọ fún un lẹ ó pín owó sí. Bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù ti Èkó, tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, ní London ní 1962, ló fìdí èyí múlẹ̀. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó dárúkọ iye owó fún oníbàárà kankan.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, power of attorney, ìwé tẹ́ ẹ fi ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú yín, lẹ ó ṣe. "Kó ṣojú mi" nìkan ò tó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó tà, kó sì fọwọ́ sí ìwé títà. Ìwé ọ̀hún gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ deed, ìwé òfin tí a fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí bíi ti ìwé títà náà, torí ẹni tí yóò fọwọ́ sí deed fún yín, deed lẹ fi ń fún un láṣẹ. Níwájú notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ni kẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti ilé. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, affidavit (ìwé ìbúra) yóò tẹ̀ lé e. Ẹ má fi gbígba owó kún àṣẹ náà. Kí owó bọ́ sí àpò lọ́yà tí gbogbo yín yàn, kó sì san ti kálukú fún un. Bí ẹni tó fàṣẹ sílẹ̀ bá kú, àṣẹ náà kú nìyẹn.

Ọmọ Ìpèrù, Toronto: Bí ìyá àgbà kan bá máa tẹ̀ka, kí wọ́n ka ìwé náà fún un lédè Yorùbá, kí ẹni tó kà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sábẹ́. Àtàǹpàkò láìsí ìyẹn, lọ́yà kan á fi jẹun lọ́jọ́ iwájú.

Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, dára fún ìpàdé torí gbogbo ẹbí ló ń wálé. Àmọ́ kí ìwé ti wà ní títẹ̀ kó tó dìgbà náà. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda gómìnà tí oníbàárà máa gbé lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà, kó má baà tún máa wá yín kiri.

Àdùkẹ́, Dublin: Ẹ ṣeun gan-an. Sàárè náà ńkọ́?

Ọmọ Rẹ́mọ, Manchester: Bó bá wà létí ilẹ̀, kí sọ́fẹ́yọ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀, kó ya ìyókù fún títà. Bó bá wà láàárín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ óò máa ráàyè wá síbẹ̀; oníbàárà tó bá kọ̀ ọ́ á tètè fi ara rẹ̀ hàn. Bó bá di pé ẹ fẹ́ kó egungun náà lọ síbòmíràn, ẹ gbàṣẹ kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀. Bíríkìlà tó ní òun lè ṣe é lóru, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ lábẹ́ òfin.

Ọmọ Ìpèrù, Toronto: Bí "Ilé yìí kì í ṣe títà" bá wà lára ògiri, ẹ má pa á rẹ́ títí owó yóò fi wọlé pé. Bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ lónìí, kó tó di ọ̀la ajẹ́ńtì tẹ́ ò mọ̀ rí ti ń mú èèyàn wá wo ilé.