Àkàntúnkàn ni kí á pè é, kì í ṣe àmupara ẹ̀ṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Láti ìgbà tí àbúrò wa ti béèrè orúkọ Yorùbá tí a lè pe CTE, àìsàn ọpọlọ tó ń bá àwọn akànṣẹ́ jà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo ti ń ka ìdáhùn yín. Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní àmupara ẹ̀ṣẹ́. Ẹlòmíràn ní ìṣarán akànṣẹ́. Ẹ má bínú, Bàbá, n kò lè fara mọ́ méjèèjì.

Mo mọ ibi tí àmupara ti wá. Ní 1928, Harrison Martland, dókítà kan ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn akànṣẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò ranlẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu bí ẹni tí ọtí ń pa. Orúkọ tí àwọn tó wà nídìí ìjà náà ń pè wọ́n, punch drunk, ìyẹn ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ pa bí ọtí, ló mú lò. Ṣùgbọ́n ọtí a máa dá lójú ẹni. Èyí kì í dá. Ẹni tí a bá sì pè ní ọ̀mùtí láàárín wa, a ti dá a lẹ́bi nìyẹn. Ìyàwó àti ọmọ ni yóò máa gbé orúkọ náà kiri àdúgbò.

Ìṣarán ńkọ́? Arán, ti arúgbó ni. Ẹni àádọ́ta ọdún péré ni Mike Webster nígbà tó kú ní 2002, tí Bennet Omalu, dókítà ọmọ Nàìjíríà, yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ní Pittsburgh, tó sì bá àìsàn yìí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń forí sọ ara wọn, ni Webster sì ń gbá, kò kan ẹ̀ṣẹ́ rárá. Nítorí náà, orúkọ tó bá ní ẹ̀ṣẹ́ nínú ti kéré jù.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ tó gbéni ṣubú nìkan ló ń fà á. Èyí tí a gbà tí a ṣì dúró, tí orí kàn mì, tí ọpọlọ mì nínú agbárí, ìyẹn náà ń kóra jọ. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní tau á máa di kókó nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ìgbàgbé á dé, ìbínú òjijì á dé. Síbẹ̀, lẹ́yìn ikú ni àyẹ̀wò tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dájú. Àwọn tó ń ta máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mọ irú rẹ̀: èyí tó já lulẹ̀ lè máa dán lójú, àfi tí ọ̀bẹ bá kàn án. Ohun tí a mọ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè kò ju pé wọ́n kàn án, wọ́n tún un kàn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ sọ ìyẹn.

Àkàntúnkàn, bí àsọtúnsọ. Ẹ tún wo kàn fúnra rẹ̀: akànṣẹ́ ń kan ẹ̀ṣẹ́, agbábọ́ọ̀lù ń fi orí kan bọ́ọ̀lù, àgbò méjì ń kan ara wọn. Jeff Astle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi orí kan bọ́ọ̀lù títí, àìsàn yìí ni wọ́n bá nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló tún gba gbogbo wọn báyìí?

Ẹnìkan ní àkàntúnkàn ọpọlọ ti gùn jù. Fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ gùn, ẹnu aráyé ló sọ ọ́ di Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti àìsàn Ali tí ẹnìkan dábàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àìsàn Parkinson ni àwọn dókítà sọ pé ó ṣe Muhammad Ali láti 1984.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ má jẹ́ ká sọ ẹnikẹ́ni di alákàntúnkàn. Ká máa sọ pé àkàntúnkàn ló ń ṣe é, bí a ti ń sọ pé ibà ló ń ṣe é.