Ṣúgà inú pòpòrò àgbàdo: kí ló dé tí kò di gúlúkóòsì tán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Láti Kétu la ti ń kí yín.

A rẹ 100 gíráàmù pòpòrò gbígbẹ tí a lọ̀ sínú lítà omi kan tó ní 20 gíráàmù sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, kí lignin (ohun líle tó so pòpòrò pọ̀) lè ṣí kúrò. Bí ó bá kù púpọ̀, yóò gbá ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń gé pòpòrò sí ṣúgà) mú. A fọ̀ ọ́, a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ mú pH (ìwọ̀n kíkan) rẹ̀ wá sí 4.8, a wá da ẹ́ńsáìmù olu wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní Trichoderma reesei sí i ní 50°C fún wákàtí 48.

Oògùn Benedict tó ń fi ṣúgà hàn pọ́n bí amọ̀ tí a sun, àmọ́ bébà tí àwọn alátọ̀ọ̀gbẹ fi ń wọn ṣúgà, tó ń mọ gúlúkóòsì nìkan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan, bí a tilẹ̀ ti pa kíkan omi náà kí a tó wọ̀n ọ́n. Cellobiose (gúlúkóòsì méjì tó so pọ̀) la fura sí, nítorí beta-glucosidase (ẹ́ńsáìmù tó ń gé e sí méjì) Trichoderma kì í tó, cellobiose tó bá sì pọ̀ a máa dí ẹ́ńsáìmù yòókù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n xylose (ṣúgà mìíràn inú pòpòrò) náà ń pọ́n Benedict.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè dá méjèèjì mọ̀ láìsí ẹ̀rọ ńlá? Tí a bá fi ẹ́ńsáìmù Aspergillus niger (olu wẹ́wẹ́ mìíràn) tí a gbìn sórí èérí àgbàdo kún un, ìdá mélòó ni kó jẹ́?