Ẹ gbà mí o, omi Sgwd yr Eira mi ti di ògì!

Àṣàkẹ́, Cardiff:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí! Ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi fọ́tò Sgwd yr Eira, omi tó ń já láti òkè ní Wales níbí, síwájú kàlẹ́ńdà, àárọ̀ ọ̀la ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́ gbà á. Ọ̀sán gangan ni mo yà á, filter ND1000 (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù), f/22 (ihò lẹ́ǹsì tó kéré gan-an), ISO 100, sẹ́kọ́ńdì 30. Omi ti di ògì, ewé sì ń tàn bí iná ilé ijó. Ṣé ó ṣeé tún ṣe, àbí kí n bẹ̀ ẹ́ kó dúró kí n padà lọ ní Sátidé?

Bọ̀dá Láńre, Manchester:
Àbúrò, àwọn ará Wales fúnra wọn ló sọ ọ́ ní omi yìnyín, ìwọ wá sọ ọ́ di ògì 😂. Sẹ́kọ́ńdì 30, ti òkun àti adágún nìyẹn. Omi tó ń já láti òkè, ìdajì sẹ́kọ́ńdì ti tó. Bó bá pọ̀ tó sì ń sáré, bẹ̀rẹ̀ láti 1/8. O gbọ́dọ̀ ṣì máa rí okùn omi lọ́kọ̀ọ̀kan. f/22 náà ń sọ àpáta di bàìbàì, má kọjá f/11.

Ìṣirò ẹ̀ rèé: bí kámẹ́rà bá sọ pé 1/60 sẹ́kọ́ńdì láìsí filter, ND8 á gbé e dé nǹkan bíi 1/8, ND64 á gbé e dé sẹ́kọ́ńdì kan. ND1000 á gbé e dé sẹ́kọ́ńdì 16, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tèmi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, owó ti wọgbó.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Kí ló gbé e débẹ̀ lọ́sàn-án? Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú ni. Fi polariser, filter tó ń pa dídán ojú omi, sí i, kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi rí òkúta abẹ́ omi, kó o dúró níbẹ̀. Tó o bá yí i dópin, àpáta á dà bí èyí tí ò kan omi rí, òṣùmàrè náà á sì pòórá. Polariser nìkan ń gba bíi stop kan àbọ̀ (stop kan ni ìdajì ìmọ́lẹ̀), nínú òjìji igi o lè má nílò ND rárá.

Aṣọ ìnu-lẹ́ǹsì mẹ́ta! Ẹ̀yìn omi yẹn, àwọn tó ń gbabẹ̀ kọjá mọ bó ṣe ń ta sára èèyàn. Dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, nù ún, gbé e sókè, yà á, dojú ẹ̀ kọlẹ̀ padà. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ó ba ogójì fọ́tò mi jẹ́, ilé ni mo ti rí i.

Kọ́lá, Houston:
Ẹ̀ ń da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Tún un ṣe nínú Lightroom lórí kọ̀ǹpútà: Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ jù) -100, Dehaze (tó ń ká kùrukùru kúrò) +40, ó parí.

Bọ̀dá Láńre, Manchester:
Kò parí o! Ibi tó ti jó di funfun pátápátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Tó o bá fà á wálẹ̀, á kàn di eérú, bí omi tí wọ́n fi fọ kọ̀ǹkéré. Dehaze á sì tún kó àwọ̀ lé ewé lórí, ohun tó ń sunkún lé lórí gan-an nìyẹn.

Kọ́lá, Houston:
Àwọn èèyàn fẹ́ kó tàn, ẹ̀gbọ́n.

Ajíkẹ́, Atlanta:
Á tàn lórí fóònù. Lórí bébà, inki ò lè gbé irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa dà. Àṣàkẹ́, RAW (èyí tí kámẹ́rà ò tíì yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀) àbí JPEG?

Àṣàkẹ́, Cardiff:
RAW, àǹtí mi.

Ajíkẹ́, Atlanta:
Ọlọ́run yọ ẹ́. Tẹ J nínú Lightroom, ibi tó bá pupa ló ti jó. Exposure -0.5, Highlights -50, kó o wá fa Whites títí pupa yẹn á fi ku bíńtín. Lẹ́yìn náà lọ sí àwọ̀: ìyẹ́lò ló ń dẹ́ṣẹ̀ jù nínú ewé, kì í ṣe gíríìnì. Saturation (bí àwọ̀ ṣe kún sí) ìyẹ́lò -25, ti gíríìnì -15, kó o dín luminance (ìmọ́lẹ̀ àwọ̀) gíríìnì kù díẹ̀. Má fọwọ́ kan Vibrance.

Bí omi bá ń ṣe búlúù nítorí òjìji, má mú gbogbo fọ́tò gbóná. Fi brush kun omi nìkan, kó o gbé Temp sókè díẹ̀. Clarity -10 lórí omi, +10 lórí àpáta. Lọ jẹun. Tó o bá padà dé, dín gbogbo ẹ̀ kù ní ìdajì.

Bọ̀dá Láńre, Manchester:
Ewé tí atẹ́gùn ń mì ńkọ́? Ya òmíràn láti ojú kan náà, láìyọ kámẹ́rà lórí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró: 1/125, ISO 800, láìsí ND. Ewé nìkan ni wàá mú nínú ìyẹn, kó o fi mask lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti omi. Kó o sì pa stabiliser, ohun tó ń dá gbígbọ̀n kámẹ́rà dúró.

Kọ́lá, Houston:
Ẹ̀yin ará Manchester mọ atẹ́gùn dáadáa.

Bọ̀dá Láńre, Manchester:
Dákẹ́, ògiri omi tí ẹ̀rọ ń fà lẹ ní ní Houston, ẹsẹ̀ bàtà 64!

Kọ́lá, Houston:
Ó ṣáà ń já!

Ajíkẹ́, Atlanta:
Amicalola tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 729, àtẹ̀gùn 604. Ẹ gùn ún tán kẹ́ ẹ tó pariwo.

Bọ̀dá Láńre, Manchester:
Kinder Downfall tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa ò ga tó yẹn, àmọ́ bí atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn bá fẹ́, omi ń padà sókè ni. Ẹ ní irú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ó ń sá fún òtútù yín ni.

Kọ́lá, Houston:
Gbogbo yín, ẹ lọ jókòó. Olúmirìn, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje.

Ajíkẹ́, Atlanta:
Ọmọ òṣómàáló ti dé! Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò ńkọ́? Kéèyàn wẹ̀ tán, kó bọ́ sídìí iyán tó ń ṣèéfín.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ajíkẹ́, má pa mí. Poundo la jẹ lálẹ́ àná.

Àṣàkẹ́, Cardiff:
Ẹ ṣé o, pupa yẹn ti ń lọ. Sátidé wá ńkọ́? Kí n lọ àbí kí n má lọ?

Kọ́lá, Houston:
Ìyá Ìbejì, ọbẹ̀ wo lẹ fi jẹ ẹ́?