Oyin kò wọ inú àpótí mi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpótí oyin tuntun tí mo fi ọ̀dà kun inú rẹ̀ wà lábẹ́ igi kajú, oyin ò wọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

— Òórùn ọ̀dà ló ń lé wọn; ẹ má kun inú rẹ̀ rárá. Ẹ yọ́ ìda, kí ẹ fi pa abẹ́ igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan (àwọn igi tí a tò sórí àpótí, tí oyin ń so afárá mọ́) àti ẹnu ọ̀nà. Kí igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 32 gẹ́lẹ́; bó bá fẹ̀ jù, afárá á lẹ̀ mọ́ra wọn.

— Ní ti èèrà, ẹ ki ẹsẹ̀ àpótí bọ agolo tí ọ́ìlì àlòkù wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣé. Ìgbà wo ni kíkórè?

— Nígbà tí ìda bá ti bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin afárá. Bí omi inú oyin bá ju 20% lọ, á kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé afárá tí ọmọ oyin wà nínú rẹ̀.